Ìnṣọ́ránsì Ọ̀nà Àjàṣẹ́

Bí ẹ bá rí obìnrin tó ń yangàn pé ọkọ òun fẹ́ràn òun débi pé ó kọ orúkọ òun sínú ìwé, ẹ bá mi sọ fún un pé kó tètè lọ bẹ̀ ẹ́ kó pa á rẹ́. Wọn ò ròyìn rẹ̀ fún mi o. Èmi gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí.

Tíṣà ni ọkọ mi, ní ilé ìwé ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Ẹdẹ, láwọn ọdún díẹ̀ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Èmi ń ránṣọ lójúde ilé. Ọmọ kan la bí nígbà náà. Agbo ilé bàbá rẹ̀ là ń gbé, yàrá ìyá rẹ̀ sì kọjú sí tiwa, tó jẹ́ pé bí mo bá sín, wọ́n á kí mi pẹ̀lẹ́ láti ọ̀hún. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí nítorí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀: ìyá náà fẹ́ràn mi. Àwọn ló ń wẹ ọmọ mi títí ọrùn rẹ̀ fi le. Gbólóhùn asọ̀ kan ò wọ àárín wa rí.

Kẹ̀kẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọkọ mi àti tíṣà méjì mìíràn jókòó, wọ́n rò ó, wọ́n ní bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, àwọn á gun kẹ̀kẹ́ láti Ẹdẹ lọ sí Kutonú nílẹ̀ Faransé. Kí ni wọ́n ń lọ ṣe? Wọn ò lọ tajà. Wọn ò ní ẹbí níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ lọ wo òkun ni, wọ́n sì fẹ́ rí ìlú kan tí wọ́n ní orí omi ni wọ́n kọ́ ilé sí. Àwọn ará Ẹdẹ ti ń lọ sí Gánà tipẹ́, ẹrù ni wọ́n ń gbé lọ, owó ni wọ́n ń mú bọ̀, ìyẹn yé tọmọdé tàgbà. Ṣùgbọ́n kí ọkùnrin tó ti níyàwó tó ti bímọ gun kẹ̀kẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ nítorí àtiwo omi! Ìyá rẹ̀ wò ó títí, wọ́n ní, "Ṣé Ọ̀ṣun ti gbẹ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní báyìí làwọn òyìnbó ṣe ń ṣe, pé wọ́n á kàn gbéra láti lọ wo ayé. Ohunkóhun tí òyìnbó bá ti ń ṣe, ọkọ mi ti gbà á láìwádìí. Ibi tí ìnṣọ́ránsì ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Wọ́n sọ fún un pé òyìnbó kì í lọ irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ láìra ìnṣọ́ránsì, òun náà bá ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan tó ń tà á l'Óṣogbo. Ọkùnrin náà gun alùpùpù wá, ó de táì mọ́rùn nínú oòrùn ọ̀sán. Ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ẹnu rẹ̀ dùn.

Mo gbé omi wá fún un, mo sì wà lórí ìdúró nígbà tó bèèrè lọ́wọ́ ọkọ mi pé ta ni kí wọ́n san owó náà fún bí ó bá ṣaláìsí. Ọkọ mi ní, "Ìyàwó mi."

Ọkùnrin náà gbé gègé sókè. "Ṣé kì í ṣe àbúrò yín? Ọmọ ìyá wọn lọ̀pọ̀ èèyàn ń fi sí i."

"Ìyàwó mi ni mo wí."

Nígbà tó lọ tán, mo tẹ̀ lé ọkọ mi wọ yàrá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ orúkọ Màmá, tàbí ti àbúrò yín." Ó ní, "Bí mo bá kú, kí ni wọ́n máa fún ẹ? Wọ́n á pín aṣọ mi, wọ́n á gbé kẹ̀kẹ́ mi, wọ́n á ní kí àbúrò mi ṣú ẹ lópó. Mi ò fẹ́ kó o wà lára ẹrù tí wọ́n máa pín." Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mi ò tíì gbọ́ kí ọkùnrin kan sọ irú rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ rí, ní Ẹdẹ tàbí níbòmíràn.

Ó ṣe díẹ̀, ọkùnrin onínṣọ́ránsì náà tún dé, ó mú ìwé wá. Ọkọ mi wà nílé ìwé. Ìyá rẹ̀ jókòó lójúde, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, èmi náà wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ìwé ọmọ yín ni mo mú wá."

"Ìwé kí ni?"

"Ti ìrìn-àjò wọn ni. Bí nǹkan bá ṣe wọ́n lọ́nà, àwa máa sanwó."

"Bí kí ni bá ṣe é?"

Mo ń ṣẹ́jú sí ọkùnrin náà. Kò rí mi. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀ ju kó wojú ẹnikẹ́ni lọ. Ó ní, "Bí wọ́n bá kú ni, Màmá. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o."

"Ta lẹ máa san án fún?"

Ó nawọ́ sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó yín yìí náà ni. Ìyàwó yìí ṣoríire."

 Ìyá ọkọ mi ń bó ẹ̀gúsí wọn lọ. Alùpùpù ti lọ tán kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, wọn ò sì wojú mi nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Wọ́n ní, "Ẹni tó máa jẹun nínú ikú ọmọ mi, ṣé òun náà ló máa gbàdúrà kó dé láyọ̀?"

Mo dìde, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n ṣe é. Mo bẹ̀ wọ́n pé orúkọ yín ni kí wọ́n fi sí i."

"Orúkọ tèmi? Kí n fi ọmọ tí mo bí gba owó?"

 Nígbà tí ọkọ mi dé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní àìmọ̀kan ni, pé á yé wọn tó bá yá. Àwọn tó ti lajú ò mọ̀ pé ojú àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé náà là sílẹ̀, ohun tí wọ́n ń rí ló yàtọ̀.

Mo yan gààrì, mo ṣe róbó, mo ṣe kúlíkúlì, mo dì wọ́n fún un lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n gbéra láàárọ̀ kùtù, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n gba ọ̀nà Sẹ̀kọ̀nà. Ìyá rẹ̀ ṣàdúrà fún un, èmi náà ṣe àmín. Mo rí i pé ìyá náà la ojú nígbà tí mo ń ṣe é, wọ́n ń wo ẹnu mi.

Àwọn méjì ló padà. Ọ̀kan nínú wọn dúró ní àgbàlá, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ní kí a má ṣe bẹ̀rù, pé ọkọ mi wà láàyè. Wọ́n ti kọjá Àjàṣẹ́ ti ilẹ̀ Faransé nígbà tí lọ́rì kan tó kó àgbọn fẹ̀gbẹ́ gbá a. Itan rẹ̀ ló ṣẹ́. Yorùbá kan tó ń taṣọ ní Àjàṣẹ́ ló gbé e lọ sí ọsibítù, ibẹ̀ ló sì wà. Mo fẹ́ jókòó sílẹ̀. Ibi tí mo ti ń wá ìjókòó ni mo ti gbóhùn ìyá ọkọ mi.

"Kí lo fún un jẹ nígbà tó ń lọ?"

Gbogbo ilé ló gbọ́. Tíṣà náà ní, "Màmá, a jọ jẹ ẹ́ ni, róbó ni, kò ṣe wá ní nǹkan kan."

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ò sí nínú ìwé."

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ọmọ ò tiẹ̀ kú o. Itan ló ṣẹ́, lọ́rì ló sì gbá a, lójú èèyàn méjì tó káwé. Ṣé róbó mi ló wa lọ́rì ni? Ṣùgbọ́n èmi ti di ẹni tó ké. Láti ọjọ́ náà, àwọn ìyàwó ilé tí a jọ máa ń pín iná àti iyọ̀ ń yà fún mi lọ́nà àgbàlá. Mo bu ẹ̀wà fún ọ̀kan nínú wọn, ó dá àwo padà pẹ̀lú ẹ̀wà nínú rẹ̀, ó ní òun ti yó. Ìyá ọkọ mi wá gbé ọmọ mi lọ sínú yàrá wọn, wọn ò jà, wọn ò pariwo. Wọ́n ní kó wà lọ́dọ̀ àwọn títí bàbá rẹ̀ á fi dé.

Mo wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo lọ bá ọkùnrin onínṣọ́ránsì. Mo ní ọkọ mi ti ṣèṣe, pé kí wọ́n wá san owó ọsibítù. Ó ṣí ìwé, ó wò ó, ó mirí. Ó ní ikú nìkan ni ọkọ mi ra, pé itan ò sí níbẹ̀. Ó káàánú mi gan-an. Ó ní, "Ìbá ṣe pé wọ́n kú ni, à bá ti dá yín lóhùn." Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Èébú tí mo gbé mì lọ́jọ́ náà kò tíì dà títí dòní.

Mo délé, mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn. Mo fẹ́ fi owó náà wọ rélùwéè lọ bá ọkọ mi, mo ti di ẹrù. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "O fẹ́ lọ parí èyí tó kù?" Kò sẹ́ni tó bá wọn wí nínú ilé. Wọ́n ní àbúrò rẹ̀ ni kó lọ. Mo kó owó ẹ̀rọ mi lé àbúrò ọkọ mi lọ́wọ́, mo sì tún kúnlẹ̀ kí i pé ó ṣeun.

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n gbé ọkọ mi láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin wá sílé, wọ́n ti fi nǹkan funfun líle di ẹsẹ̀ rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Mo sáré pàdé wọn. Ó kí gbogbo ilé lápapọ̀, ó ní ẹ kú ilé, ojú rẹ̀ kọjá lára mi bí ojú ẹni tó ń wá nǹkan lẹ́yìn mi. Mo mọ̀ pé àbúrò rẹ̀ ti ro gbogbo rẹ̀ fún un lọ́nà. Yàrá ìyá rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Mo mú ara mi lọ́kàn le. Mo ní tíṣà ni, ó lajú, òun ló ní àìmọ̀kan ni, òun náà ló kọ orúkọ mi. Bó bá ti sinmi tán, á pe ìyá rẹ̀ jókòó, á sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á parí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ lọ sí ìpàdé àdúrà. Mo gún iyán. Mo se ẹ̀gúsí, mo fi ẹja gbígbẹ tó wuyì sí i, mo gbé e tọ̀ ọ́ lọ. Mo bu omi kó fi ṣanwọ́. Kò ṣanwọ́. Ó wo oúnjẹ náà, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀."

Mo rò pé eré ni. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé rẹ̀, ó máa ń bù fún mi jẹ nínú òkèlè rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ẹ jẹun jàre, ebi ń pa yín."

"Mo ní kó o kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, kò sì lè wò mí. "Kì í ṣe pé mo gbà wọ́n gbọ́ o. Kí ọkàn mi lè balẹ̀ ni."

Mo fa àpótí kan, mo jókòó. Mo ṣanwọ́ nínú omi tí mo bù fún un. Òkèlè kan ló bèèrè, mo jẹ ẹ́. Mo bu èkejì. Mo jẹ iyán náà, mo jẹ ẹja, mo fi ìka nu ọbẹ̀ tó kù nínú àwo. Ó ní ó ti tó.  Mo gbé àwo dìde, mo bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ṣé ọkàn yín ti balẹ̀ báyìí?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò tún dáná fún un mọ́ títí ó fi kú.