Òòyà Tó Wà Létí Aṣọ Ìyá Mi

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, èmi kì í tètè gba èèyàn gbọ́. Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Aládìrẹ ni l'Abẹ́òkúta, ẹ̀kọ láfún ló fi ń ya aṣọ, ìyẹ́ adìẹ ló fi ń yà á. Bí aládìrẹ mìíràn bá yọjú, kíá ló máa dìde, á fi ara dí tábìlì. Á ní, "Ẹni tó bá ń wo ọwọ́ mi, oúnjẹ mi ló fẹ́ jí."

Nígbà tó yá, wọ́n jí i lóòótọ́. Ojú mi ni àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ṣe kún ọjà Ìtòkú, tí kò sẹ́ni tó ń béèrè tiẹ̀ mọ́.

Ẹ wá wò ó, ní láíbìrì ìtòsí wa ní Glenn Dale l'Amẹ́ríkà níbí, ìyá ará Ṣáínà kan ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fi yíǹkì dúdú ya àwòrán. Aṣọ àtijọ́ ìlú wọn ló máa ń yà, tòun ti ọnà tó wà lápá rẹ̀, kò ní sí èèyàn kankan nínú aṣọ náà. Lọ́jọ́ kan mo ró ìró àdìrẹ lé ṣòkòtò mi lọ. Ìyá yìí di etí ìró náà mú, kò fi í sílẹ̀. Ó ní kí n yá òun fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Aṣọ tí ìyá mi yà gbẹ̀yìn kó tó kú nìyẹn o! Ṣùgbọ́n orí ìyá yìí ti funfun báláú. Ta ló bí mi dáa tí màá wo ojú àgbàlagbà kí n ní rárá? Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ ìyá mi ni o, mo gbé e fún un, inú mi sì bà jẹ́ títí mo fi délé.

Ọkọ mi fi mí rẹ́rìn-ín. "Ìwọ obìnrin yìí, òjìji ara rẹ náà lo máa ń fura sí."

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Páńsá ò fura, páńsá já síná."

Lọ́sẹ̀ kejì mo tètè dé. Mo bá a ní kíṣìnnì ẹ̀yìn láíbìrì, ó ń ro nǹkan funfun kan lórí iná, álọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú omi tòrò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Háà! Álọ́ọ̀mù ni ìyá mi náà ń fi sí ẹ̀kọ àdìrẹ! Mo béèrè ohun tó ń sè. Ó ní àtè tí òun fi ń lẹ bébà mọ́ ẹ̀yìn àwòrán ni. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ mà; ọkàn mi ní irọ́ ni.

Ọjọ́ tí wọ́n pàtẹ àwòrán, láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí i. Àwọn ẹyẹ tí ìyá mi yà sára ìró mi, lára ẹ̀wù Ṣáínà! Ara mi gbóná. Mo lọ bá a tìbínú-tìbínú. Àfi bí mo ṣe rí igun àwòrán náà nísàlẹ̀, níbi tó máa ń tẹ òǹtẹ̀ pupa orúkọ rẹ̀ sí. Òǹtẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Lókè rẹ̀, ó fi yíǹkì pupa ya òòyà kékeré eléyín mẹ́ta.

"Kí lòòyà ń ṣe níbí?"

Ó yà á lẹ́nu. "Ṣé orúkọ ìyá rẹ kọ́ ni? Etí aṣọ ni mo ti rí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, mi ò lè tẹ orúkọ tèmi nìkan sí i."

Mo ní ọnà lásán ni. Ìyá mi ò mọ̀wé, orúkọ wo ló fẹ́ kọ? Ó ká aṣọ mi fún mi, mo gbà á, mo wakọ̀ lọ sílé.

Mo fa àpótí abẹ́ ibùsùn jáde. Aṣọ mẹ́ta ló kù nínú rẹ̀. Mo tú àkọ́kọ́: òòyà, nígun ìsàlẹ̀. Èkejì: òòyà. Ẹ̀kẹta náà, eyín mẹ́ta géérégé.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ aṣọ yìí ni mò ń fura sí. Orúkọ ìyá mi sì wà níbàdí mi láti ọjọ́ yìí wá, mi ò fura.