Tíṣà Ọláṣùpọ̀ àti Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣe Ósónù

Gbogbo ìjọ wa ní Lokongoma ló gbà pé ìgbàgbọ́ Tíṣà Ọláṣùpọ̀ kò tó nǹkan. Ọmọ Ọ̀wọ̀rọ̀ ni, kẹ́mísìrì ló ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Bí Pásítọ̀ bá gbọ́wọ́ lé e lórí, kì í ṣubú. Èmi alàgbà ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn lẹ́ẹ̀mẹta.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, èéfín igbó tí wọ́n ń jó lẹ́bàá òkè Mount Patti ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Rebecca ọmọ mi, tó ń lé orin, ní asimá; bó bá kọ ìlà kan, á dúró wá èémí. Ni Pásítọ̀ bá gbọ́ pé wọ́n ń ta ẹ̀rọ kan ní Àbújá tó ń ṣe ósónù, afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ní ó ń fọ èéfín kúrò nínú ilé. Ó fi ṣe wàásù: ósónù ni Ọlọ́run fi bo ayé kí oòrùn má baà jó wa, èyí tó ń dáàbò bo ayé, ṣé Lokongoma ló máa wá ṣòro fún un? A rà á, a ta òróró sí i lórí. Èmi ni wọ́n ní kí n máa tàn án.

Lọ́sẹ̀ kejì, àyà Rebecca ń súfèé. Pásítọ̀ ní ẹ̀mí àìmọ́ ló ń bá ẹ̀rọ jà, kí n tàn án sókè sí i. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ni Tíṣà bá dìde láàárín ìsìn. Ó pe ọ́ṣà méjì nínú àwọn tó ń fi èrò jókòó, ó ní kí wọ́n kojú síra, kí wọ́n di ọwọ́ méjèèjì mú. Ó ní ọ́ṣà kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹyọ ọ́síjìn kan, pé méjì tó so pọ̀ báyìí ló wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Pásítọ̀ fà wọ́n títí, wọn ò ya. Ó wá to ọ́ṣà mẹ́ta, wọ́n tẹ̀ bí ìgúnpá, àwọn tó wà létí fi ọwọ́ kọ̀ọ̀kan di ti àárín mú. Ó ní ósónù nìyí. Pásítọ̀ kàn fọwọ́ kan ẹni ìkẹyìn ni, ló bá já, ó lọ rọ́ lu Màmá Comfort, olórí àwọn ìyá ìjọ, tòun ti gèlè.

Tíṣà ní, "Bó ṣe rí ló ṣe ń hùwà. Lókè lọ́hùn-ún, kò sí ẹ̀dọ̀fóró tó máa rọ́ lù. Níbí, ti Rebecca ni."

Pásítọ̀ ní, "Tíṣà, ohun tí Ọlọ́run fi sókè, ìwọ lo wá ń pè ní búburú?"

"Òkè náà ni oòrùn wà, sà. Ẹ ò sì tíì gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Rebecca ò lè rẹ́rìn-ín. Ètè rẹ̀ ti ń ṣú. Tíṣà wojú mi. "Bàbá, ọwọ́ yín ni súìṣì wà."

Mo wo Pásítọ̀, mo wo ọmọ mi. Ojú ń tì mí láti sọ bó ṣe pẹ́ tó kí n tó dìde. Mo pa ẹ̀rọ náà, a gbé Rebecca jáde síbi atẹ́gùn, ìyá rẹ̀ fún un ní oògùn tó ń fà símú. Nígbà tó yá, ó mí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Pásítọ̀ ní kí Rebecca wá jẹ́rìí. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ní òróró orí ẹ̀rọ ló lé ẹ̀mí àìmọ́ lọ. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ti parí, ká gbé e pamọ́. Kò sẹ́ni tó dárúkọ súìṣì. Ìjọ ṣe àmín. Ti Tíṣà Ọláṣùpọ̀ ló dún jù.