Ẹni Tí Ìyá Àgbà Kì í Pè Lórúkọ

Mo rántí ìgbà tí mo di ẹrù mi sínú ọ̀rá dúdú kan ní Gàmbàrí, tí mo fẹ́ lọ wá ẹbí mi tòótọ́. Ẹrù ọ̀hún ò ju búbà méjì àti ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. N kò rí ìkejì. Ìyá àgbà tó bí bàbá mi ló fà á. Gbogbo ọmọ agboolé ni wọ́n máa ń pè lórúkọ, títí kan àwọn tó ń jí ẹran inú ọbẹ̀. Èmi nìkan ni "Ẹni yìí." "Ẹni yìí, bu omi wá." "Ẹni yìí, o ti kírun?" Wọ́n ń pe bàbá mi pàápàá lórúkọ, bẹ́ẹ̀ òun la mọ̀ sí àkọ́bí wọn. Àwọn ọmọ àbúrò bàbá mi wá là á yé mi pé inú gáà Fúlàní ni wọ́n ti rí mi he, pé ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn wàrà. Mo gbà wọ́n gbọ́, torí pé mo máa ń jẹ wàrà tán, kí n tún mu omi rẹ̀. Ó sì dùn mí gan-an. Ọmọ tí wọn ò pè lórúkọ, ṣé ọmọ ilé náà ni?

Bí mo ṣe gbé ọ̀rá mi dé ẹnu ọ̀nà, màmá Fúlàní kan tí n kò rí rí gbé igbá wàrà wọlé. Mo rò pé wọ́n ti wá mú mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ká máa lọ?"

"Ká máa lọ síbo? Kí lorúkọ ẹ?"

Mo sọ ọ́. Màmá náà rọra sọ igbá kalẹ̀, wọ́n kọjú sí Ìyá àgbà tí wọ́n jókòó lẹ́bàá ògiri. "Ẹ̀gbọ́n mi, wallahi, ẹ tún fi orúkọ yẹn sọ ọmọ?"

Ìyá àgbà kọjú sí ògiri. Àlejò náà fà mí mọ́ra. "Àbúrò wọn ni mí. Gáà wa lápá Òkè-Òyì ni wọ́n ti bí àkọ́bí wọn, obìnrin, òun ló ń jẹ́ orúkọ ẹ. Kò tíì já lẹ́nu ọmú tí Ọlọ́hun fi gbà á. Nílé tiwa, ìyá kì í pe àkọ́bí ẹ̀ lórúkọ, ìtìjú ni. 'Ẹni yìí' ni wọ́n ń pe òun náà."

Bàbá mi, tó dúró nítòsí, tó ti ń ṣe dáódù kiri láti ọjọ́ tó ti dáyé, lanu sílẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìyá àgbà wo ilé nígbà tí wọ́n bí mi, wọ́n fi orúkọ àkọ́bí wọn sọ mí, wọn ò wá fẹnu pè é.

"Ẹni yìí," ni wọ́n wí, wọn ò tíì yíjú kúrò lára ògiri, "gbé igbá yẹn wọlé."

Mo dáhùn sókè débi pé gbogbo agboolé gbọ́. Inú mi dùn ju ti ọjọ́ ọdún lọ.

Ìyá àgbà ti lọ báyìí, wọn ò sì pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan rí. N kò rò pé wọ́n jẹ mí ní gbèsè kankan. Ní Basin níbi tí mò ń gbé, àkọ́bí mi bi mí lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá pé kí ló dé tí mo máa ń pe àwọn àbúrò òun lórúkọ, tí n kì í pe òun. Mo bu wàrà sáwo, mo fi ọwọ́ tẹ́ ibi ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ẹni yìí," ni mo wí, "wá jókòó."