Ọta Tí Kò Dún

Mo rántí òórùn epo àtijọ́ àti ìpẹtà tó gba yàrá wa kan ní àdúgbò Ladjifarani ní Parakou, ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo tú aṣọ kúrò lára ìbọn bàbá mi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ín ní Ṣábẹ̀ ni. Èmi nìkan ni ọmọkùnrin rẹ̀, nítorí náà àwọn àgbà ilé gbé ìbọn náà lé mi lọ́wọ́, mo sì gbé e wá sí Parakou níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ lísẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ girama. Èmi tí n kò lè pa adìẹ láìdijú, kíá ni mo sọ ara mi di àrólé ọdẹ. Mo ń sọ fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi pé ìbọn yẹn ti pa kìnnìún, bẹ́ẹ̀ n kò rí i kí bàbá mi dẹ ìgbẹ́ rí. Àgbẹ̀ iṣu ni mo gbọ́njú mọ̀ ọ́n sí.

Ìbọn náà kò jọ ṣakabùlà tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ. Ṣọ́jà kan tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ Bàrìbá, ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo sì ní kí ó bá mi wò ó. Ó fi àkísà nu ún títí orúkọ ìlú Faransé kan fi yọ lára irin. Ó ní ìbọn ọdẹ àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ni, bóyá ọ̀kan nínú wọn ló fi ta bàbá bàbá mi lọ́rẹ. Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ó dojú ìbọn kọlẹ̀, ó fa irin ìdí rẹ̀ sẹ́yìn, ọta kan sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó wò ó pẹ́.

"Pírọ́ọ̀fù," ó ní, "wo ibi tó tẹ̀ nídìí ọta yìí. Ẹnìkan ti fa ìbọn yìí, ọta ni kò dún."

Ìyá mi, tó bá mi bọ̀ láti Ṣábẹ̀, jókòó nítòsí. Mo bi í bóyá ó mọ ẹran tí bàbá mi fẹ́ pa.

"Èmi ni," ló wí.

Kò yé mi. Ó wá ṣàlàyé jẹ́jẹ́ pé oyún mi wà nínú òun nígbà náà. Òun lọ ṣẹ́ igi ìdáná, òun bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú koríko gíga láti di ẹrù, òun sì gbọ́ tí irin ìbọn dún "kà" lẹ́yìn òun. Nígbà tí òun yóò fi wẹ̀yìn, bàbá mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó rò pé ìgalà ni. Wọ́n jọ rìn wálé. Kò dẹ ìgbẹ́ mọ́.

"Mo ní kí ó sọ ìbọn náà sódò," ìyá mi ní. "Ó ní bí òun bá sọ ọ́ nù, òun á gbàgbé, òun kò sì fẹ́ gbàgbé."

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìtàn kìnnìún ni mo ń wá, ara mi ni mo bá níbẹ̀. Èmi àti ṣọ́jà náà kó ìbọn àti ọta lọ fún àwọn ọlọ́pàá ní kọmisaríà, mo sì padà wálé lọ́wọ́ òfo.

Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé bàbá mi kàn jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni. Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa báyìí. Ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí yóò kọjú sí oòrùn, tí yóò máa ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Bí mo bá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo máa ń pè é láti ọ̀nà jíjìn, mo sì máa ń dúró títí yóò fi yíjú.