Àwọn Túlú Bàbá Ayẹni

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n sin Bàbá Akínbíyì Ayẹni, fóònù rẹ̀ ṣì ń ké bí òròmọdìẹ lórí tábìlì pálọ̀ ilé wọn ní Akobo. Ọmọ́fẹ́, ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Màmá Ayẹni, ló ń gba iná sí i láràárọ̀. Òun gan-an ò mọ ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Olúbùsọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ti ní kó pa fóònù náà kó lè rí ìsinmi. Kò pa á.

Igbe náà kì í ṣe àjèjì sí i. Ọdún mẹ́ta ló ti ń dá gbólóhùn asọ̀ sílẹ̀ láàárín òun àti ọkọ rẹ̀. Awọnlẹ̀ ni Bàbá Ayẹni, òṣìṣẹ́ ìjọba tó fi ọdún márùndínlógójì wọn ilẹ̀ káàkiri Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, orúnkún tó fi rin igbó kò jẹ́ kó lè jáde dáadáa mọ́, ló bá kọ́ eré kan lórí fóònù. Túlú ni wọ́n ń pè é. Ẹyin ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún ọ. Bí o bá tọ́jú ẹyin náà, á pa, ẹranko kékeré kan tí kò jọ ehoro, tí kò jọ ológbò, á sì bọ́ sínú ọgbà rẹ. Òun ni túlú. O máa fún un lóúnjẹ, o máa wẹ̀ fún un, bí ó bá ń ṣàìsàn, o máa fún un lóògùn. Àwọn aládùúgbò, ìyẹn àwọn mìíràn tó ń ṣe eré náà níbi tí wọ́n wà, lè wọ ọgbà rẹ wá bá ọ tọ́jú wọn, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ọ.

Ọmọ́fẹ́ ò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kí òun náà tó fẹ̀yìn tì, kò sì fẹ́ràn iṣẹ́ tí kì í mú nǹkan jáde. “Bàbá Bùsọ́lá,” á ní, “ewúrẹ́ gidi wà lọ́jà Bódìjà. Bí ẹ bá fẹ́ sin ẹran, ẹ lọ ra èyí tá a lè pa jẹ.” Bàbá á rẹ́rìn-ín, á sì máa fi ìka kan tẹ fóònù rẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ Sátidé ọ̀sẹ̀ kẹta yìí, Ọmọ́fẹ́ mú fóònù náà pé òun fẹ́ wá ibi tí wọ́n ti ń pa igbe rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ohun tó rí lójú rẹ̀ ni: “Ebi ń pa Ọmọ́fẹ́.”

Ó jókòó. Ó tẹ ọ̀rọ̀ náà, ọgbà kan sì ṣí. Túlú mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ti rù, wọ́n nà sílẹ̀ gbalaja. Ọkọ rẹ̀ ti sọ wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan: Òkèhò, Ìgbẹ́tì, Kìṣí, Ṣakí, àwọn ìlú tó ti wọn ilẹ̀ rí. Èyí tó tóbi jù, pupa kan tó lójú rogodo, ló ń jẹ́ Ọmọ́fẹ́. Màmá Ayẹni gbé oúnjẹ fún un, ó yíjú. Ó tún gbé e, ó tún yíjú. Ìgbà tó ṣèèṣì tẹ omi, tó wẹ̀ fún un tán, ni túlú náà tó jẹun. Màmá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún kó tó mọ̀. Títí ọ̀sán fi pọ́n ló ń bọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan tó ń jẹ́ Nasir fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. “Alhamdulillahi! Bàbá, ọjọ́ mẹ́tàlélógún! Àyà mi ti já. Èmi ni mò ń wá fún àwọn túlú yín lómi kí wọ́n má bàa kú. Ṣé kò sí o?”

Màmá Ayẹni wo ọ̀rọ̀ náà títí. Ó yẹ kó sọ fún un pé Bàbá ti jáde láyé. Ìka rẹ̀ ò gbà. Gbogbo ayé ti ń pe Akínbíyì ní olóògbé. Bóyá ọkùnrin yìí nìkan ló kù tó ń kí i bí alààyè. Ohun tó kọ ni, “Ara mi ni kò yá díẹ̀.”

“Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà, Bàbá. Màá fi yín sínú àdúà mi ní Jímọ̀.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oṣù mẹ́rin ni obìnrin yìí fi jẹ́ ọkọ ara rẹ̀. Bó bá ti ka Bíbélì rẹ̀ tán láàárọ̀, ó di ìdí túlú. Inú ọ̀rọ̀ tí Nasir ń fi sílẹ̀ ló ti mọ̀ pé awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ọmọ Ṣakí, tó ń gbé èrò láti garéèjì Challenge lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, àti pé túlú ló fi ń pa àkókò bó bá ń dúró kí ọkọ̀ kún. Ó tún rí i pé bíi bàbá ni Akínbíyì jẹ́ fún un. Èsì tirẹ̀ kì í gùn: “Ó dáa.” “Mo ti gbọ́.” Nasir rò pé àìsàn ló sọ Bàbá di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́.

Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún náà, Nasir kọ̀wé tayọ̀tayọ̀. “Bàbá, mo ti rí ilẹ̀ o! Ẹ rántí pé ẹ ní kí n má fún ẹnikẹ́ni lówó kí ẹ tó bá mi wo sọ́fè rẹ̀, ìwé ìwọnlẹ̀ yẹn. Fọ́tò rẹ̀ nìyí. Tí ẹ bá ti ní ó dáa, ọ̀la ni màá san.”

Màmá Ayẹni fẹ fọ́tò náà. Ilà àti nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀. Ọdún méjìdínlógójì ló fi bá awọnlẹ̀ gbélé, kò mọ ewo ni orí, ewo ni ìdí nínú rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Bí ó bá ní ó dáa, tí kò sì dáa, orúkọ òkú ló máa fi ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Bí ó bá dákẹ́, ọmọkùnrin náà lè lọ sanwó. Ó kọ ọ́ pé, “Má san kọ́bọ̀. Dúró dè mí.” Ló bá dìde, ó wọṣọ.

Ó wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá dé títì, ó sì wọ ọkọ̀ méjì kó tó dé Challenge. Nígbà tó béèrè Nasir ní garéèjì, wọ́n nawọ́ sí ọkùnrin gíga kan tó tó ẹni ọdún márùndínlógójì, tó jókòó sí iwájú ọkọ̀, tó tẹjú mọ́ fóònù. Túlú ló ń bọ́.

“Ṣé ìwọ ni Nasir?”

“Èmi ni, Màmá. Ẹ káàsán mà. Ṣé Ìjẹ̀bú ni?”

“Rárá. Èmi ni ìyàwó Bàbá Ayẹni.”

Nasir bẹ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ garéèjì. “Màmá! Bàbá ńkọ́? Ṣé wọ́n tẹ̀lé yín wá ni?” Ó ti ń wo ẹ̀yìn Màmá kiri.

Láti Akobo ni Màmá ti ń to ọ̀rọ̀ náà jọ sẹ́nu. Gbogbo rẹ̀ tú dànù. “Dìde, ọmọ mi. Bàbá ti kú. Oṣù kìíní ọdún yìí ni wọ́n kú. Èmi ni mò ń dá ọ lóhùn láti ìgbà yẹn.”

Nasir dìde díẹ̀díẹ̀, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀. Kò gbé ohùn sókè. “Jímọ̀ mélòó ni mo ti ń tọrọ àlàáfíà fún wọn? Ó yẹ kí n ti máa tọrọ àforíjì fún wọn, Màmá. Àdúà òkú yàtọ̀ sí ti alààyè.”

“Mo mọ̀ pé mi ò ṣe dáadáa.”

“Kí lẹ wá fẹ́ kí n sọ?”

Èrò tó kẹ́yìn ti wọlé. Agbèrò lu ara bọ́ọ̀sì gbàgbà pé kó máa lọ. Nasir wọkọ̀, ó wà á lọ, kò bojú wẹ̀yìn. Màmá Ayẹni dúró nínú oòrùn títí obìnrin kan tó ń ta gúgúrú fi bá a gbé àga wá.

Ìtìjú bá a délé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé fọ́tò náà lọ bá Májẹ́kódùnmí ní Ring Road. Awọnlẹ̀ lòun náà, abẹ́ Bàbá Ayẹni ló ti kọ́ṣẹ́. Ó tẹ àwọn nọ́ńbà náà sínú kọ̀ǹpútà, ó mi orí.

“Màmá, ta ló fẹ́ ra ibí yìí? Ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà sílẹ̀ ni. Ilé tí wọ́n bá kọ́ síbẹ̀, wọ́n lè wó o nígbàkigbà.”

Níbẹ̀ gan-an ló ti kọ̀wé sí Nasir: “Èmi Ọmọ́fẹ́ ni mo kọ ọ́. Májẹ́kódùnmí ti Ring Road, tí Bàbá kọ́ níṣẹ́, ti wo ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ ìjọba ni. Má rà á. Má wulẹ̀ dá mi lóhùn bí inú bá ṣì ń bí ọ.” Nígbà tó délé, ó sọ òtítọ́ fún àwọn aládùúgbò yòókù nínú eré náà. Àwọn kan bá a kẹ́dùn. Àwọn kan kúrò, wọn ò padà wá mọ́. Obìnrin kan bú u pé òpùrọ́ àgbàlagbà ni. Ó ka èébú náà tán, ó sì lọ fún àwọn túlú lómi.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, Nasir ò sọ nǹkan kan. Ní ọ̀sán Sátidé kan, wọ́n kan géètì. Nasir ni, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tó pọn ọmọ. Ọ̀dọ̀ Májẹ́kódùnmí ni wọ́n ti béèrè ọ̀nà ilé.

“Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Màmá,” ó ní. “Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Mi ò ra ilẹ̀ náà.”

“Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.”

“Mo bínú, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo rò ó wò pé ẹni tó bá fẹ́ tanni jẹ kò ní fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá ni ní garéèjì.”

Màmá Ayẹni mú wọn wọlé. “Ìwọ nìkan ló ṣì ń kí wọn bí alààyè,” ni àlàyé tó ṣe.

Nasir bi í bóyá ó ti ka àwọn ọ̀rọ̀ tí òun àti Bàbá ti ń kọ síra wọn látẹ̀yìnwá. Màmá ò mọ̀ pé wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Nasir gba fóònù náà, ó fìka fà á sókè títí, ó sì gbé e fún un. Bàbá kọ ọ́ pé: “Nasir, má bá ìyàwó rẹ jiyàn lórí orúkọ ọmọ. Mo bá tèmi jiyàn lọ́dún 1994, títí dòní òun ló ń jàre.”

“Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí ọmọ yìí máa jẹ́ orúkọ tí mo fún un,” ìyàwó Nasir sọ.

“Àbí kí ni?” Màmá Ayẹni dáhùn. “Èmi ni mo jàre lóòótọ́.” Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì rẹ́rìn-ín. Ó gún iyán fún wọn lọ́jọ́ náà, ó sì kà nínú ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ wọn títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Ní oṣù kẹwàá, Nasir rí ilẹ̀ mìíràn tí kò ní wàhálà nínú. Lọ́jọ́ tí Májẹ́kódùnmí fẹ́ lọ wọ̀n ọ́n, Màmá Ayẹni ní òun á bá wọn lọ. Nínú gbogbo ọdún tó fi wà nílé Bàbá, kò tẹ̀lé e lọ sóko iṣẹ́ rí. Koríko ga dé orúnkún rẹ̀, oòrùn sì mú. Májẹ́kódùnmí fi orí okùn ìwọnlẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ dì í mú síbí, Màmá, ẹ má jẹ́ kó dẹ̀.” Nasir fa ìdí rẹ̀ lọ sí òdìkejì.

“Ṣé ó gún?” Màmá kígbe.

“Ó gún, Màmá!”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kò sì jù ú sílẹ̀ títí wọ́n fi ní ó ti tó.