Ó Ku Ẹyọ Kan: Bí Mo Ṣe Ń Gbé Èèyàn Dìde Nídìí Géèmù

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi! Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, kí n tó sọ èyí tó ń dun èèyàn nínú ẹ̀. Tí wọ́n bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe ní Òmù-Àrán láti ìgbà tí mo ti parí ìwé mẹ́wàá, mi kì í sọ pé mò ń tẹ̀wé, bẹ́ẹ̀ mò ń tẹ̀ ẹ́. Mo máa ń sọ pé, "Mò ń gbé èèyàn dìde." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Ràmátù ni mo wà. Níwájú, a ń tẹ̀wé, a ń ṣe fọtokópì, a ń ta píọ́ wọ́tà. Lẹ́yìn kọ́tìnnì, kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gbá géèmù ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, tí mo rí bí gbogbo wọn ṣe ń tàn yòò, tí fáànù ń fẹ́ yẹ́ẹ́, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ń rìn káàkiri.

Àǹtí mú mi wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Ó ní, "Bùkọ́, oríṣi géèmù méjì ló wà níbí. Géèmù eré sísá, àti géèmù ìjókòó."

Géèmù eré sísá ni bọ́ọ̀lù àti mọ́tò: ẹ̀ ń sáré, ẹ̀ ń pariwo, fèrè á dún, ẹnì kan á borí, ẹnì kan á fìdí rẹmi, ó parí. Géèmù ìjókòó ni èyí tí wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀nù-tọ́ọ̀nù: ó kàn ẹ́, ó kàn mí, bíi ti ayò. Wọ́n á fún ẹ ní ìlú kékeré kan. Wàá kọ́lé síbẹ̀, wàá dáko, wàá mọ odi, wàá kó ọmọ ogun jọ. Tó o bá ti ṣe tìẹ, wàá tẹ bọ́tìnì kan láti fi hàn pé o ti ṣe tán, kọ̀ǹpútà á wá ṣe tiẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún kàn ẹ́.

"Àwọn tó ń pariwo ò lè dà ẹ́ láàmú," ni Àǹtí wí. "Àwọn tó dákẹ́ yìí ni kó o máa ṣọ́."

Mi ò gbọ́. Ọmọ yunifásítì kan jókòó sídìí ọ̀kan lọ́jọ́ yẹn, àkókò ẹ̀ tó, mo lọ bá a. "Bùọ̀dá, àkókò ti tó o."

"Ó ku ẹyọ kan."

Mo lọ, mo bọ̀. "Bùọ̀dá."

"Ó ku ẹyọ kan, jọ̀ọ́."

Nígbà tó yá mo fà á lápá. Háà! Ojú tó fi wò mí! Bí ìgbà tí mo jí i lójú oorun. "Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

Àǹtí ń rẹ́rìn-ín nídìí fọtokópì. "'Ó ku ẹyọ kan.' Àmín àdúrà wọn nìyẹn, kì í tán lẹ́nu wọn. Má fa èèyàn, Bùkọ́. Má pariwo. Ọwọ́ ni kó o máa wò. Tó bá ti tẹ bọ́tìnì pé òun ti ṣe tán, tí kọ̀ǹpútà ń ṣe tiẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ á sinmi díẹ̀ lórí màósì, bí ẹni tó fẹ́ mí kanlẹ̀. Àlàfo nìyẹn. Fi nǹkan sí i lọ́wọ́ nígbà yẹn. Nǹkan tó tutù, tàbí nǹkan tó wúwo, nǹkan ayé yìí ṣá. Ẹni tó bá di nǹkan mìíràn mú ò lè di màósì mú."

Mo mú píọ́ wọ́tà tútù kan, mo dúró, mo ń wo ọwọ́. Ó tẹ bọ́tìnì. Ọwọ́ sinmi. Mo fi omi sí i. Bùọ̀dá wo omi, ó wo òrùlé, ó na ẹ̀yìn. "Àbí ilẹ̀ ti ń ṣú ni?" Ó dìde, ó lọ! Mo fò sókè lẹ́yìn kọ́tìnnì. Mo ti mọṣẹ́!

Látìgbà náà, kò sẹ́ni tí mi ò gbé dìde. Mo gbé ọmọ ọlọ́kadà, mo gbé akọ̀wé ìjọba, mo gbé ẹnì kan tó ti Èkó wá ṣe ìsìnkú, tó fẹ́ gbàgbé pé ìsìnkú ló bá wá. Omi, kúlíkúlí, òrònbó, ohun tó bá ṣáà wà nítòsí. Bí mo ṣe ń yọ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn, títí di ìgbà tí Bùọ̀dá Mùsíbáù dé.

Káfíńtà ni. Bàbá ẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, àwọn méjèèjì jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn lójú ọ̀nà Èsìẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí ìlẹ̀kùn tó tì gbọingbọin ládùúgbò wa, ọwọ́ wọn ló ti wá. Ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá Bàbá dùbúlẹ̀ ni Bùọ̀dá wá ṣe fọtokópì káàdì ọsibítù lọ́dọ̀ wa, ó yọjú wo ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó jókòó. Ó tún wá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó yá, a kì í rí ọjọ́ tí kò wá.

Mo bi í léèrè, torí ọ̀rọ̀ náà ń yà mí lẹ́nu. "Bùọ̀dá, kí ló wà níbẹ̀ gan-an?"

"Jókòó, kó o wò ó."

"Èmi kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ ṣàlàyé fún mi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o mọ oko? Kí wọ́n tó wa iṣu, àgbàdo ti wà láàárín ẹ̀. Kí àgbàdo tó gbó, wọ́n ti gbin ẹ̀gẹ́ sí i. Ọjọ́ wo ni àgbẹ̀ fẹ́ sọ pé gbogbo ẹ̀ ti parí? Kò sí. Bẹ́ẹ̀ lèyí ṣe rí. Tí mo bá fẹ́ dìde, odi mi ku tọ́ọ̀nù kan kó parí. Tí odi bá parí, ọkà mi ti fẹ́ gbó. Kí ọkà tó gbó, ọ̀tá ti yọ lókè. Kò síbi téèyàn ti lè gé e."

"Bọ́ọ̀lù ńkọ́?"

"Bọ́ọ̀lù ò ní sùúrù. Eléyìí máa ń dúró. Mo lè ronú, mo lè lọ tọ̀, mo tiẹ̀ lè sunkún, á dúró dè mí." Kò wojú mi mọ́. "Nílé, Bùkọ́, mo gbé Bàbá dìde, Bàbá ṣubú. Mo fún wọn lóògùn, oògùn ò jẹ́. Níbí, tí mo bá mọ odi, odi á dìde. Tí mo bá sì pàdánù, mo mọ ibi tí mo ti ṣe é tì."

Mo sáré lọ sọ fún Àǹtí, inú mi ń dùn pé mo ti wá mọ ìdí ẹ̀. Àǹtí ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. "Ayò náà máa ń gbani lọ́kàn. Ṣùgbọ́n nídìí ayò, àwọn òǹwòran wà níbẹ̀ tó máa sọ pé, 'Ọ̀pẹ̀, dìde ńbẹ̀, ìyàwó ẹ ń wá ẹ.' Lẹ́yìn kọ́tìnnì mi, ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni!" Mo gbá àyà mi pàà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n rán Bùọ̀dá níṣẹ́ oògùn Bàbá. Kẹ́míìsì tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù wa ò tíì ṣí. Ó wọlé tọ̀ wá wá. "Jẹ́ kí n fi ẹyọ kan dúró dè wọ́n." Nígbà tí kẹ́míìsì ṣí, mo dúró de àlàfo, mo fi omi sí i lọ́wọ́. "Bùọ̀dá, wọ́n ti ṣí o." Ó mu omi náà tán, ó gbé ọ̀rá ẹ̀ sílẹ̀, ó di màósì mú padà. "Mo ti gbọ́. Ó ku ẹyọ kan." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí omi máa já mi kulẹ̀. Mo tún fún un ní òrònbó. Ó fi ọwọ́ òsì gbà á. Àwọn tó fẹ́ tẹ̀wé wá ya dé, mo lọ síwájú.

Lẹ́yìn ìrun Àílà, mo rí àwọn ọkùnrin tó ń bọ̀ lójú títì, ọkọ́ àti ṣọ́bìrì léjìká wọn, ilẹ̀ pupa lẹ́sẹ̀ wọn. Bàbá àgbàlagbà kan yà wọlé láti ra omi. Mo kúnlẹ̀, mo fún wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ta ló kú?"

"Bàbá Káfíńtà ni. Láàárọ̀ yìí náà lọlọ́jọ́ dé. A kì í jẹ́ kí òkú mùsùlùmí pẹ́ nílẹ̀. A ti kírun sí wọn lára, a ti sin wọ́n." Wọ́n mu omi díẹ̀. "Àkọ́bí ló yẹ kó wọnú sààrè lọ gba bàbá ẹ̀. Wọ́n ní oògùn ló lọ rà, wọn ò bá a ní kẹ́míìsì, wọ́n wá a dé Òmùpo, níbi tó ti ń kan òrùlé. Wọ́n pè é títí, kò gbé e. Ọmọ ọlọ́mọ ló wọnú sààrè gbà wọ́n."

Fáànù ń mi kọ́tìnnì lẹ́yìn wọn. Mo sì ń gbọ́ màósì lẹ́yìn kọ́tìnnì: kọ̀, kọ̀, kọ̀.

Mo wọlé. Mo dúró tì í, mo sì ń wo ọwọ́ ẹ̀, torí ọwọ́ mi ti mọ iṣẹ́ náà ju orí mi lọ. Ó tẹ bọ́tìnì.

"Bùọ̀dá, wọ́n ti sin Bàbá."

"Bàbá ta?"

Kọ̀ǹpútà dún tín-ín, ó ń sọ fún un pé ó kàn án. Ó wò ó, ó wò mí. Kọ̀ǹpútà dúró dè é. Ọlọ́run, ó ṣì dúró dè é!

Ìgbà tó fò dìde tó sáré, ẹsẹ̀ kan ló ní bàtà. Yẹ̀pẹ̀ tútù tí wọ́n ti kó jọ ló bá létí sààrè, kò bá èèyàn.

Kò lọ sílé. Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ló sùn, ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́, ẹnu ọ̀nà wa ló wà.

"Mùsíbáù, lọ bá ìyá ẹ," ni Àǹtí wí.

"Àǹtí, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo Ìyá?" Ó gba ẹ̀gbẹ́ Àǹtí kọjá lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì. "Ẹ jẹ́ kí n wà níbí. Níbí, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé Bàbá kú."

Bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Ó ń rù, irùngbọ̀n kún ojú ẹ̀. Mo ní kí Àǹtí lé e. Àǹtí mi orí. "Tí mo bá lé e, ṣọ́ọ̀bù mìíràn á gbà á, níbi tí wọn ò ti mọ̀ pé ó ní ìyá."

Èmi ni mo gbéra, mo lọ kí Ìyá. Wọ́n ti wà nínú tákàbà, ìyẹn opó ṣíṣe àwa mùsùlùmí: oṣù mẹ́rin àti díẹ̀, opó ò ní jáde, ọkùnrin àjèjì ò sì ní wọlé tọ̀ ọ́. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo rí i pé ìlẹ̀kùn yàrá wọn ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Aṣọ kan ni wọ́n fi so ó mọ́ férémù. Atẹ́gùn fẹ́, ó ṣí gbayawu.

"Ìyá, ìlẹ̀kùn yín ńkọ́?"

"Hínjì ẹ̀ ló já. Bàbá ló máa ń tún un ṣe." Wọ́n fa ìbòrí bojú. "Aládùúgbò mú káfíńtà kan wá, mo ní kó padà. Ọkùnrin wo ló fẹ́ wọlé bá mi nínú tákàbà? Àfi èyí tí mo bí."

"Ṣé ẹ̀ ń bínú sí i, Ìyá?"

"Wọ́n ní kí n ṣépè. Ṣé mo bí i tán, kí n tún wá fi ẹnu ara mi pa á ni? Ká ní mo lè jáde ni, etí ni mi ò bá fi fà á wálé."

Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún. Hínjì náà wà nílẹ̀ níbẹ̀, irin dúdú, ó wúwo, ó ti tẹ̀ létí kan. "Ìyá, ẹ fún mi ní èyí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró ti Bùọ̀dá. Tí eléyìí náà bá já mi kulẹ̀, mi ò ní nǹkan mìíràn. Ó tẹ bọ́tìnì. Ọwọ́ sinmi. Mo fi hínjì sí i.

Kò kọ́kọ́ wò ó. Àtàǹpàkò ẹ̀ ló ń rìn lórí irin náà, ó ń wá ojú ìṣó, ó dé ibi tó tẹ̀, ó dúró.

"Ti yàrá Ìyá nìyí."

"Òun ni."

"Ta ló tú u?"

"Ó já fúnra ẹ̀ ni. Aṣọ ni wọ́n fi so ìlẹ̀kùn. Wọ́n ní káfíńtà kankan ò gbọdọ̀ wọlé, àfi èyí tí àwọn bí."

Tín-ín. Ó kàn án. Ọ̀tá ti dé ẹnu odi ẹ̀, èmi náà rí i. "Bùkọ́, tí mo bá fi í sílẹ̀ báyìí..."

"Á dúró, Bùọ̀dá. Dídúró nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyá náà ń dúró, àmọ́ ó ń rẹ Ìyá."

Ó dìde. Omi ń dà lójú ẹ̀, kò nù ún. Ó di hínjì náà mú bí ẹni tó di ọwọ́ èèyàn mú, ó gba iwájú wa kọjá, ó jáde. Àǹtí fọwọ́ bo ẹnu. Èmi? Mo fò! Mo fò títí mo fi fẹsẹ̀ gbá ike píọ́ wọ́tà, omi sì dà kárí ilẹ̀.

Ìyá ti jáde tákàbà báyìí. Mo lọ bá wọn yọ̀. Mo ti ìlẹ̀kùn náà fúnra mi, ó dún gbàm, mo tún ṣí i, mo tún tì í. Ìyá ní, "Bùkọ́, fi ìlẹ̀kùn mi sílẹ̀!" Ṣùgbọ́n kò sóhun tó lè gbé ẹnikẹ́ni padà dé etí sààrè ọjọ́ yẹn, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà tí mo bá rí Bùọ̀dá ni ojú ẹ̀ ń yá.

Ìlú ẹ̀ ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà wa. Mi ò pa á rẹ́. Ọ̀tá ṣì wà lẹ́nu odi, ibi tó fi í sí gan-an. Lánàá, Bùọ̀dá ń kọjá lọ, pákó wà léjìká ẹ̀. Ó dé iwájú wa, ẹsẹ̀ ẹ̀ fà díẹ̀, ó máa ń fà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Mo ti mú òrònbó kan lọ́wọ́, mo sì ń wo ọwọ́ ẹ̀.

"Bùkọ́, ṣé ó ṣì ń dúró?"

"Ó ń dúró, Bùọ̀dá."

"Ó dáa." Ó ṣún pákó sókè dáadáa léjìká. "Jẹ́ kó máa dúró."

Ó lọ. Mo bó òrònbó mi, mo jẹ ẹ́. Ó dùn!