Dẹ́rẹ́bà tó daṣẹ́ sílẹ̀ wá bá mi bó ọ̀gẹ̀dẹ̀

Mo ti búra pé mi ò ní bá Kọ́lá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀ mọ́, àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣe fún mi lónìí.

Òun ló máa ń fi lọ́rì kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà mi láti Ìpele lọ sí Èkó. Nígbà tí gbogbo awakọ̀ akẹ́rù daṣẹ́ sílẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun ò lè já ẹgbẹ́ òun jù sílẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo ti gé wà nílẹ̀, ó fẹ́ máa pọ́n.

Láàárọ̀ yìí, òun àti ìyàwó rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn wọlé, wọ́n mú ọ̀bẹ dání.

Mo ní, "Ṣebí o ti daṣẹ́ sílẹ̀?"

"Bàbá, lọ́rì ni mo pa tì, mi ò pa yín tì. Ẹ jẹ́ ká fi ṣe èlùbọ́ kó tó pọ́n."

A ń bó, a ń gé e, a ń sá a sóòrùn. Tirẹ̀ nípọn jù.

"Kọ́lá, ṣé táyà lo ń gé ni?"

Ẹ̀rín pa ìyàwó rẹ̀.

Olórí kunkun ni mí, mi ò tíì sọ fún un pé inú mi ti rọ̀. Ẹ bá mi dá sí i: ṣé kí n sọ ọ́, àbí kí n jẹ́ kó bó èyí tó kù tán ná?